Ẹ̀kọ́ fún Akọ̀wé àti Akápò: Àká Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́, àti Bí A Ṣe Ń Darí Rẹ̀

Nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ nípa onídùúró àti ojúṣe rẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ yá owó. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń lò láìmọ̀ pé àwọn ń lò ó. Nǹkan náà ni àká orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń jí fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ìwé owó ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ìwé owó sì ni ẹ̀mí ẹgbẹ́. Kí alága, akápò àti ìgbìmọ̀ alábòójútó kà á pẹ̀lú akọ̀wé.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí ìtìjú ẹnì kan kọ́ ni a ń wá. Ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ 214, tí àwọn oníṣòwò àti olùkọ́ pọ̀ nínú wọn. Akọ̀wé wọn jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Láti ọdún méjì ni ó ti fi ìwé lẹ́jà ńlá sílẹ̀, tí ó ń kọ gbogbo owó sínú Excel lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́.

Nígbà tí a béèrè lẹ́jà, ó tan kọ̀ǹpútà, ó wá a títí, kò rí i. Òógùn bo ojú rẹ̀. Nígbà tí a fara balẹ̀ wádìí, a rí i pé kọ̀ǹpútà ti ń pariwo pé inú òun ti kún. Akọ̀wé ṣí fódà tí àká orí íntánẹ́ẹ̀tì fi sínú ẹ̀rọ náà, ó wo àwọn fáìlì ibẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti wà lókè lọ́hùn-ún, òjìji wọn lásán ló wà níbí.” Ó pa wọ́n rẹ́. Ó tún da agbọ̀n ìdàsí kọ̀ǹpútà nù kí àyè lè pọ̀ sí i. Ọjọ́ 47 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó dé. Àká náà ti pa wọ́n rẹ́ lókè bí ó ti pa wọ́n rẹ́ nísàlẹ̀, àkókò tí ó fi ń tọ́jú ohun tí a bá dà nù sì ti tán.

A pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n mú ìwé kékeré ọwọ́ wọn wá. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni a fi jókòó tí a ń tún lẹ́jà náà kọ láti inú ìwé kékeré àti ìwé ìsanwó báńkì. Ìwé àwọn ènìyàn 17 kò pé. Ìyá kan tí ń ta ata wà nínú wọn. Òjò ti ba ìwé tirẹ̀ jẹ́. Ó ní ₦186,000 ni òun ti dá jọ, ṣùgbọ́n ìwé báńkì tí ó mú wá kò ju ₦152,000 lọ. Àwọn kan nínú ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé màmá ń purọ́. Màmá kò jiyàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé, “Mo ti ka owó yẹn lé akápò lọ́wọ́, ẹ lọ wò ó.”

Akápò àtijọ́ ni ó gbà wá. Ó lọ sílé, ó sì gbé àpò kan tí kùkùté rìsíìtì kún inú rẹ̀ wá. A ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rí ₦34,000 tó kù, pẹ̀lú orúkọ màmá àti ọjọ́ tó san án. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦186,000 géérégé. Ojú ti àwọn tó kùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àpò rìsíìtì yẹn ńkọ́? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ òní.

1. KÍ NI ÀKÁ ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ?

Àwọn baba wa a máa kó àgbàdo sí àká lóko, wọn a sì mú èyí tí wọn yóò jẹ wá sílé. Àká tí à ń sọ yìí jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé iṣẹ́ kan, tó wà níbòmíràn, tí a ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé fáìlì lọ síbẹ̀. Àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Dropbox tó jáde ní ọdún 2008, Google Drive tó jáde ní ọdún 2012, àti OneDrive ti ilé iṣẹ́ Microsoft. SkyDrive ni wọ́n ń pe èyí ìkẹyìn tẹ́lẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí orúkọ náà.

Lọ́fẹ̀ẹ́, Dropbox ń fún ènìyàn ní àyè 2 GB, OneDrive ń fúnni ní 5 GB, Google sì ń fúnni ní 15 GB tí lẹ́tà Gmail àti fọ́tò jọ ń pín. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa sanwó.

OneDrive ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí Windows 11 láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹni tó bá ní òun kò fi í sínú ẹ̀rọ òun, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó rà á.

2. IBI TÍ Ó FARA PAMỌ́ SÍ

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ní apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Àmì ìkùukùu kékeré tó wà níbẹ̀ ni OneDrive. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà níbẹ̀, àwọn àmì tó sá pamọ́ yóò yọ jáde.

Ibi kejì ni inú ilé fáìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní File Explorer. Ẹ ó rí orúkọ OneDrive ní apá òsì, láàárín àwọn fódà yòókù, bí ẹni pé fódà lásán ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe fódà lásán. Ilẹ̀kùn kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ yóò lọ sókè. Ohun tí ẹ bá yí padà níbẹ̀ yóò yí padà lókè. Ohun tí ẹ bá sì pa rẹ́ níbẹ̀ yóò parẹ́ lókè, àti lórí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù tó so mọ́ àká náà.

Ibi kẹta ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. OneDrive lè gbé fódà Desktop, Documents àti Pictures wọ inú ara rẹ̀. Ó máa ń béèrè ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣètò kọ̀ǹpútà, a ó sì tẹ bọ́tìnnì ìyọ̀ǹda láìkà á. Láti ọjọ́ náà lọ, fáìlì tí akọ̀wé rò pé òun gbé sórí Desktop ti wà nínú àká. Láti mọ bí tiyín ṣe rí, ẹ tẹ àmì ìkùukùu, ẹ tẹ àmì ẹ̀rọ oníyẹyín, ẹ wọ Settings, ẹ yan Sync and backup, kí ẹ sì tẹ Manage backup. Ẹ ó rí fódà tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò sí.

Bí ìgbìmọ̀ bá pinnu pé kí fódà kan jáde, ibẹ̀ náà ni a ti ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i pé fódà Documents ṣófo lẹ́yìn náà. Fáìlì àtijọ́ lè ṣì wà nínú fódà OneDrive. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sí ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ṣí dáadáa.

3. ÀMÌ MẸ́TA TÍ AKỌ̀WÉ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Láti ọdún 2017 ni OneDrive ti ní ètò kan tó ń jẹ́ Files On-Demand. Ètò yìí lè fi orúkọ fáìlì hàn nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí fáìlì gan-an wà lókè. Àmì ẹ̀gbẹ́ fáìlì ni a fi ń mọ̀ ọ́n:

(a) Ìkùukùu aláwọ̀ búlúù: orúkọ nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ, òkè ni fáìlì wà. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣí.

(b) Òbírí funfun tí máàkì aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀: fáìlì wà nínú ẹ̀rọ, ó sì wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè dá a padà sókè bí àyè bá fún un.

(d) Òbírí aláwọ̀ ewé tí máàkì funfun wà nínú rẹ̀: fáìlì yóò máa wà nínú ẹ̀rọ nígbà gbogbo, yálà íntánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kò sí.

Àmì kẹta yìí ni a fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́jà, ìwé owó ojoojúmọ́ àti ìwé ẹ̀yáwó nígbà tí a bá wá yẹ̀wò. Ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì tẹ fódà ẹgbẹ́, kí ẹ yan Always keep on this device. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjọ́ ìpàdé kì í bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn. A ti jókòó rí ní gbọ̀ngàn kan tí akọ̀wé ń na fóònù sókè lójú fèrèsé, tí ọmọ ẹgbẹ́ 60 ń dúró kí fáìlì kan sọ̀kalẹ̀.

4. PÍPA FÁÌLÌ RẸ́ YÀTỌ̀ SÍ ṢÍṢE ÀYÈ

Bí akọ̀wé tí a sọ ìtàn rẹ̀ bá mọ ẹ̀kọ́ abala yìí, kì bá tí sọkún. Bí inú kọ̀ǹpútà bá kún, ẹ má ṣe tẹ Delete nínú fódà àká. Ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì ńlá tí ẹ kò lò mọ́, bíi fọ́tò ìpàdé ọdún, kí ẹ yan Free up space. Ẹ̀rọ yóò gbé ara fáìlì kúrò nínú kọ̀ǹpútà, yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òkè ni fáìlì náà yóò sì máa wà. Bí ẹ bá tẹ Delete, ẹ ti sọ fún àká pé kí ó jù ú nù ní gbogbo ibi.

Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ọjọ́ ń lọ. OneDrive tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń lò ní agbọ̀n ìdàsí tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 30 sì ni ó fi ń tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ máa ń tó ọjọ́ 93. Ẹ wọ àká náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Recycle bin, ẹ yan fáìlì, ẹ tẹ Restore. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, bí ọjọ́ kò bá tíì kọjá. Bí ó bá sì ṣe pé ẹnì kan kọ ohun tí kò tọ́ lé lẹ́jà lórí, Version history wà tí a fi lè padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀.

5. BÍ Ó ṢE Ń JÍ PẸ̀LÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Àwọn áàpù kan dà bí ọmọ iṣẹ́ tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀gá tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà báyìí, wọ́n ti wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa fà bí ìgbín, pàápàá èyí tó ti gbó tàbí èyí tí agbára rẹ̀ kéré.

Láti rí gbogbo wọn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ yan Startup. Ẹ ó rí orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ṣe ń wúwo tó lórí ẹ̀rọ nígbà ìbẹ̀rẹ̀: High, Medium tàbí Low. Ẹ tún lè wọ Settings ti Windows, kí ẹ yan Apps, kí ẹ yan Startup, kí ẹ sì pa bọ́tìnnì èyí tí ẹ kò fẹ́. Nínú OneDrive fúnra rẹ̀, ìlà kan wà nínú Settings tó kà pé Start OneDrive when I sign in to Windows. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú Dropbox àti Google Drive pẹ̀lú.

Pípa bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ kò pa fáìlì rẹ́, kò sì yọ áàpù kúrò. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àká kò ní ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi fi ọwọ́ ara yín ṣí i.

Ṣé kí a pa á, tàbí kí a fi í sílẹ̀? Ìmọ̀ràn wa nìyí.

Kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé fi ń kọ lẹ́jà lójoojúmọ́: ẹ jẹ́ kí ó máa jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí a bá ní kí akọ̀wé máa fi ọwọ́ ṣí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá tí kò sí ẹ̀dà kankan lókè, ọjọ́ tí olè bá sì gbé kọ̀ǹpútà ni a ó mọ̀.

Kọ̀ǹpútà akápò tàbí ti alága, tí wọ́n fi ń wo ìwé nìkan: ẹ lè pa bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn yóò máa ṣí i.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ewu kan. Bí akọ̀wé bá kọ owó sínú lẹ́jà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí akápò náà sì kọ tirẹ̀ sínú fáìlì kan náà nígbà tí àká kò ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò pàdé lọ́jọ́ kan. Àká lè máà mọ èyí tí yóò gbà. Ó lè fi méjèèjì sílẹ̀, kí ó fi orúkọ kọ̀ǹpútà kan kún orúkọ fáìlì kejì. Bí ẹ bá rí lẹ́jà méjì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe pa ọ̀kan rẹ́ kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Oògùn rẹ̀ kò le: ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa kọ̀wé sínú lẹ́jà, kí àwọn yòókù máa wò ó.

Bákan náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ń lo áàpù ìṣirò owó tó ní ibi ìkówèésí tirẹ̀, ẹ má ṣe gbé ibi ìkówèésí náà sínú fódà àká kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àká yóò máa gbé e nígbà tí áàpù ṣì ń kọ̀wé sínú rẹ̀, ó sì lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí áàpù ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tán, kí ẹ wá gbé ẹ̀dà náà sínú àká.

6. ỌRÀN DÁTÀ ÀTI INÁ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹgbẹ́ tó ń fi fóònù akọ̀wé wọ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jẹ dátà wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí fọ́tò ìpàdé ọdún bá jẹ́ 300, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 4 MB, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200 MB, èyí tó ju 1 GB lọ. Ó ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin àyè ọ̀fẹ́ OneDrive, ó sì ti jẹ dátà tí ẹgbẹ́ ìbá fi ṣiṣẹ́. Lẹ́jà Excel ti ẹgbẹ́ kékeré lè máà tó 1 MB. Fọ́tò ni ó ń jẹ owó, kì í ṣe lẹ́jà.

Ohun mẹ́ta ni a lè ṣe. Èkíní, ẹ sọ fún Windows pé dátà tí a ń fi owó wọ̀n ni ẹ ń lò. Ẹ wọ Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ ṣí ohun ìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹ tan Metered connection. Ẹ tún wo Settings ti OneDrive kí ẹ rí i pé bọ́tìnnì tó ń dá a dúró lórí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ wà ní títàn. Èkejì, bí iṣẹ́ kánjúkánjú bá wà, ẹ tẹ àmì ìkùukùu, kí ẹ yan Pause syncing: wákàtí 2, 8 tàbí 24 ni ẹ lè yàn. Ẹ̀kẹta, ẹ kó fọ́tò kúrò nínú ohun tó ń lọ sókè, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìwé owó.

Ẹni tó bá dá a dúró gbọ́dọ̀ rántí ọjọ́ tí yóò tún ṣí i. A dábàá kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ owó ìpàdé tán. Kí akọ̀wé dúró títí àmì ìkùukùu yóò fi fi hàn pé gbogbo fáìlì ti dé òkè, kí ó tó pa kọ̀ǹpútà tàbí kí jẹnẹrétọ̀ tó kú.

7. TA LÓ NI ÀKÁ?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lo àká tí akọ̀wé fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni kóòdù ìwọlé ń lọ sí. Bí ó bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tí ó bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé, ìwé owó gbogbo ẹgbẹ́ ti bá a lọ. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ sínú àpò ẹnì kan ṣoṣo. Kí ló dé tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àká?

Ẹ ṣí ímeèlì tuntun ní orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ lo nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kí akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí a dì í sínú àpòòwé, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ bá yí padà, kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé a ti yí i. Ẹ máa wọlé síbẹ̀ déédéé pẹ̀lú. Google kéde ní ọdún 2023 pé òun lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́.

Ẹ tún rántí pé orúkọ, nọ́ńbà fóònù, owó àti gbèsè àwọn ènìyàn ló wà nínú lẹ́jà. Òfin ìdáàbòbò dátà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan àwa náà. Bí akọ̀wé bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tàbí gbé e fún alátùn-únṣe, kí ó kọ́kọ́ wọ Settings ti OneDrive, kí ó yan Account, kí ó tẹ Unlink this PC. Èyí yóò já okùn tó wà láàárín ẹ̀rọ àti àká. Fáìlì òkè yóò wà lókè. Ṣùgbọ́n èyí tó ti sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ yóò ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí okùn ti já ni kí a wá pa á rẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe kí okùn tó já.

8. ÀKÁ NÌKAN KÒ TÓ

Àwọn kan yóò ní, “Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò.” Ẹ lè yọ ọ́. Ẹ wọ Settings ti Windows, Apps, Installed apps, ẹ wá Microsoft OneDrive, ẹ tẹ Uninstall. Fáìlì tó wà lókè kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé gbogbo fáìlì ẹgbẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ, nítorí èyí tó bá jẹ́ orúkọ lásán kò ní bá yín sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Lójú tiwa, àká dára. Bí iná bá jó ọ́fíìsì, tàbí tí olè bá wọlé, òun ni yóò gbà wá. Ohun tí a ń sọ ni pé àká kì í ṣe ẹ̀dà tó dá dúró. Dígí ni: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ìwé nísàlẹ̀ yóò hàn nínú rẹ̀, yálà ire ni tàbí ibi. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá ba fáìlì jẹ́ lè bà á jẹ́ lókè pẹ̀lú.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni kí ìwé owó gbà wà: nínú kọ̀ǹpútà, nínú àká, àti nínú fláàṣì tí akápò ń tọ́jú sílé, tí kì í wà lára kọ̀ǹpútà àfi lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí a tẹ àkópọ̀ lẹ́jà jáde lórí bébà, kí alága, akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí i. Ìwé kékeré ọmọ ẹgbẹ́ àti rìsíìtì kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Bébà ni ó gba màmá aláta.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀

1. Ímeèlì ta ni a fi ṣí àká ẹgbẹ́ wa? Bí ẹni náà kò bá sí lọ́la, ta ni yóò lè wọlé?

2. Ṣé fódà Documents àti Desktop kọ̀ǹpútà wa wà nínú àká? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọjọ́ wo?

3. Kí akọ̀wé ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Delete àti Free up space.

4. Àmì wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì lẹ́jà wa lónìí?

5. Nígbà wo ni a ṣe ẹ̀dà sórí fláàṣì kẹ́yìn? Ṣé a ti gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà náà wò?

6. Bí a bá pa bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni a yàn láti máa ṣí àká, ta sì ni yóò ṣe é?

Kí a kọ ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé ìpàdé. Nígbà tí a bá tún yí dé ọ̀dọ̀ yín, ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ béèrè kí a tó béèrè lẹ́jà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó tí ìyá aláta fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù nítorí bọ́tìnnì kan tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ẹgbẹ́ wa. Ire o.